Bí Mo Ṣe Fi Ọwọ́ Lásán Gun Àpáta Orí Ibú Dákẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, kí ó yára lọ tọ̀ ọ́ kí ó padà wá jókòó, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, kí ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Èmi tí ẹ ń wò yìí ni Ọdẹ́lẹ́yẹ, ọdẹ ìlú Ajùbà, èmi tí mo bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà létí odò títí ẹfọ̀n fi kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni mo ń pa, ẹ ní kí ó lọ bi ẹfọ̀n. Kò sí igbó tí mo wọ̀ tí mi ò jáde, kò sì sí iwin tó sọ̀rọ̀ sí mi tí mi ò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ti ẹfọ̀n kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ti àpáta kan ni mo fẹ́ sọ, àpáta tó tẹ orí síwájú lókè omi bí arúgbó tó ń yọjú wo inú ìkòkò, àti bí èmi tí mi ò gun nǹkan kan rí ju ọ̀pẹ àti àjà ilé lọ ṣe fi ọwọ́ lásán gùn ún, láìsí okùn, láìsí àkàbà. Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀. Mo ti tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa fojú wá a lára mi bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ló fa ìrìn náà. Ọdẹ ni òun náà, ó sì mọ igbó jù mí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò jẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ìgbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́ ló wọ igbó lọ. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, a ò rí i. Àwọn ọdẹ tó wá a lọ rí ìbọn rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ létí omi kan tí à ń pè ní Ibú Dákẹ́. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì rí ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ tó fì dirodiro lẹ́nu ihò kan lára àpáta tó wà lókè omi náà. Wọn ò lè dé ibẹ̀, wọ́n sá wálé. Ẹ sì mọ àṣà wa. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí ìpà rẹ̀: wọ́n á kó ẹ̀wù àti irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sínú igbó, wọ́n á fi ìrèmọ̀jé sìn ín kúrò láàárín àwọn alààyè. Bí wọn ò bá ṣe é, òkú ọdẹ kì í mọ̀ pé òun ti kú. Á máa dẹ ìgbẹ́ kiri, ẹni tó bá sì pàdé rẹ̀ gbé nìyẹn. Olúọdẹ wa, Bàbá Láníhùn, wá ní bí a ò bá rí ẹ̀wù náà mú wálé kí ọdún Ògún tó dé, àwọn yóò fi fìlà rẹ̀ tó kù sílé ṣí ìpà náà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Ènìyàn tí ẹnì kan ò rí òkú rẹ̀!

Ìyá Wúràọlá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, wá kúnlẹ̀ síwájú mi lọ́jọ́ tí ó gbọ́. "Ọkọ mi kékeré," ó ní, "bí wọ́n bá ṣí ìpà ọkọ mi láàyè, ibo ni yóò gbà wálé? Ọ̀nà ilé á ti dí mọ́ ọn." Ó ní òun ò ní ṣe opó ẹni tí òun ṣì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú oorun. Mo ní kí ó dìde. Mo ní bí ẹ̀gbọ́n mi bá wà láàyè, màá mú un wá. Bí ó bá kú, màá mú ẹ̀wù rẹ̀ wá kí wọ́n fi sin ín bí ọmọlúwàbí. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi ò tíì gbà á.

Mi ò ní sọ ti iṣu tí mo sun lọ́nà tàbí ibi tí mo sùn sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti iṣu, kí ó lọ bá àgbẹ̀. Oòrùn ti là dáadáa nígbà tí èmi àti ajá mi jáde sí Ibú Dákẹ́. Omi náà tẹ́ lọ síwájú wa, ó dúdú bí aró. Àpáta yọ láti inú rẹ̀ lápá kan, ó ga, ó dán, lókè rẹ̀ ni mo sì ti rí ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n mi tó ń mì lẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́. Àwọn ẹyẹ tó ń fò bọ̀ dé etí omi, wọ́n yà, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Mo he òkò, mo sọ ọ́ sínú omi. Omi là, ó tàn ká, ó padé, n kò gbọ́ ìró kankan. Mo sọ òmíràn. Kẹ́kẹ́ pa. Mo pàtẹ́wọ́ wò bóyá etí mi ló di, mo sì gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ajá mi kó ìrù sábẹ́. Mo ní kí n tú igbà tí mo fi ń gun ọ̀pẹ kúrò ní èjìká mi, mo sì rí i pé igbà náà ń mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ń mí! Ó ń wú, ó ń sọ̀, ó sì lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ bí ara ọmọ tó ń sùn. Mo jù ú sílẹ̀, ó wọ́ wọ inú koríko lọ, kò wẹ̀yìn.

"Ẹni tó mú okùn wá kí omi kò tíì fọkàn tán omi," ohùn kan wí.

Mo yíjú. Ẹ̀dá kan jókòó lórí òkúta pẹlẹbẹ létí omi. Kò ga ju odó lọ, gbogbo awọ ara rẹ̀ hunjọ bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó fọ aṣọ látàárọ̀. Oòrùn ń pa á, bẹ́ẹ̀ omi ò yé kán lára rẹ̀. Kì í ṣẹ́jú. Mo gbé ìbọn sójú, mo ní, "Ta ni ọ́?"

"Adènà ni mí. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ni Ọdẹ́lẹ́yẹ, ọmọ a-rí-ìjà-má-yẹ̀, ọmọ..."

"Ó tó, ó tó," ó ní, ó sì ń lá ètè. "Má fún mi ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá mú ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà nínú ihò yẹn. Ó ń mí, ó ń jẹ ẹyin àdàbà. Bí èyí bá ni ẹ̀yin ń pè ní ààyè, ó wà láàyè."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ̀kalẹ̀ wálé. Adènà ní ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀ tọ̀ ni. Ó wá la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi. Ó ní àpáta òun kì í gba okùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni. Ó ní bí mo bá mọ̀ ọ́n já, omi kò ní pa mí, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá já, orúkọ kan nínú àwọn tí mo mọ̀ yóò di ti òun. "Bí o bá dé ihò, pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí ó bá jẹ́ ọ, ẹ̀yin méjèèjì lómìnira. Bí kò bá jẹ́ ọ, ẹ ó jọ máa pín ẹyin àdàbà." Ẹ̀rín pa mí. Orúkọ lásán! Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo ẹran tó ń rìn àti gbogbo igi tó dúró! Mo ní kí ó gbà, kí ó jẹ yó. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Yóò yà yín lẹ́nu pé òun náà ló kọ́ mi. Mo bi í pé kí ló dé tó ń kọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ. Ó ní, "Bí o bá kú nígbà àkọ́kọ́, ẹnu kan ni mo fi kàn ọ́. Bí o bá mọ̀ ọ́n já, wàá pẹ́ lọ́wọ́ mi." Ọ̀rọ̀ náà tutù lára mi, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni ẹ̀kọ́ ń jẹ́. Ó ní ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n bọ́ sómi kò gbọdọ̀ gun òkè omi. Ó ní kí n kọ́kọ́ wo ibi tí màá gbà jáde, ó fi gbòǹgbò igi kan tó wọ inú omi hàn mí. Ó ní kí n rí i pé ibi tó dúdú jù ni mo wà lókè rẹ̀ nígbà gbogbo, torí ibi tí omi bá ti pupa rẹ́súrẹ́sú, òkúta ń bẹ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù ọdẹ mi sílẹ̀. Mo ní rárá o. Ọdẹ wo ló ń bọ́ gbérí nígbó iwin? Oògùn tí bàbá mi fún mi wà lára rẹ̀, ìwo wà níbẹ̀, àdó wà níbẹ̀, ìrù ẹfọ̀n tó bẹ̀ mí wà níbẹ̀. Adènà ní ó dáa, kí n fò láti orí òkúta kékeré kan ná. Mo fò. Gbogbo oògùn náà mu omi yó, wọ́n sì ń fà mí lọ sísàlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, mo gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn tó ń pe orúkọ, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, orúkọ lórí orúkọ, bí ẹni ń ka ẹ̀wà sínú igbá. Mo fa ẹ̀wù náà ya, mo sì gbá omi títí mo fi yọ. Ẹ̀wù tí mo ní yóò gbà mí, díẹ̀ ló kù kó sin mí.

Nígbà tí mo húkọ́ omi jáde tán, mo bi Adènà pé orúkọ wo ló gbà. "Kò sí," ó ní. "Fífò lo fò, o kò já. Ẹni tó bá fò, àlejò mi ni. Ẹni tó bá já, ẹran mi ni." Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, mo fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Mo ń fò bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi yí, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rẹlẹ̀, mo ń bọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Mo fi ikùn balẹ̀ nígbà kan, ó sì ta mí bí pàṣán. Mo wá mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló gbọdọ̀ ṣáájú, kí wọ́n sún mọ́ra, kí ọwọ́ ká mọ́ àyà, kí ènìyàn dúró ṣánṣán bí ọmọ odó, kí ó máa fi imú tu afẹ́fẹ́ jáde. Mo dáná, mo yá a títí ara mi fi gbẹ, mo fi eérú rẹ̀ pa ọwọ́ kí òógùn má baà mú un yọ̀, mo sì dì mọ́ àpáta.

Agbára apá ni mo gbójú lé. Ẹ ò rí apá mi? Mo fi wọ́n fa ara mi lọ bí ẹni ń fa ẹtu jáde nínú ọ̀fìn, mo sì ń yangàn lọ. Kò pẹ́, apá náà le gbagidi, àwọn ìka mi ń ṣí fúnra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, níṣojú mi, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni wọ́n. Mo já. Nígbà tí mo fi gbòǹgbò jáde, ajá mi dúró létí omi, ó na etí, ó ń wò mí. Mo la ẹnu láti pè é. Kò sí nǹkan kan lẹ́nu mi. Mo pàtẹ́wọ́, mo súfèé, kò wá. Orúkọ rẹ̀ ló ń retí, a sì jọ dúró bẹ́ẹ̀ tí à ń wo ara wa. Ẹ̀rín kúrò lọ́rọ̀ mi láti ìgbà náà. Adènà ní, "Ẹsẹ̀ ló ń gun àpáta. Ọwọ́ kàn ń dì í mú ni." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń wá ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ lè tẹ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ ti ara mi sókè, mo ń na apá kí ó lè sinmi. Mo ga ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n mo wo ìsàlẹ̀, mo rí òjìji mi lórí omi. Ó ń jùwọ́ sí mi. Èmi ò jùwọ́ o, ọwọ́ mi méjèèjì wà lára àpáta. Mo fẹ́ yí ojú kúrò, ẹsẹ̀ mi yẹ̀, mo sì já.

Nígbà tí mo jáde, Adènà ń sọ orúkọ kan lẹ́nu jẹ́jẹ́, ó ń fi ahọ́n yí i bí ẹni ń lá oyin. N kò mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n omijé ń bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Ọmọ rẹ obìnrin tó kẹ́yìn. Orúkọ ọmọdé a máa dùn." Mo jókòó sórí ilẹ̀. Mo rí ojú ọmọ náà, mo rí eyín rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, n kò sì mọ ohun tí à ń pè é. Mo bú Adènà, mo bú àpáta, mo yìnbọn lu omi náà, ìbọn dún, ọta wọlé láìsí ìró. Mo ní màá lọ sílé. Mo dìde, mo tilẹ̀ rìn. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ má wò mí báyìí. Ta ló mọ iye orúkọ tí màá tún pàdánù? Ohun tó dá mi padà ni ẹ̀wù yẹn. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí ọwọ́ kan tó yọ láti inú ihò, ó ń mì ín. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ó ń mì fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ń fì í fún ẹni tó bá ń kọjá.

Mo padà gùn ún. Ìgbà yẹn mo dé ibi tí mo ti ń gbóòórùn ara ẹ̀gbọ́n mi. Mo na ọwọ́ sí ẹnu ihò, àpáta sì rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi bí iyán gbígbóná, mo já láti òkè pátápátá. Nígbà tí mo jáde, Adènà ń jó lórí òkúta. "Ó parí! Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ gan-an ló bọ́ sí mi lẹ́nu! Gùn ún wàyí, alágbára. Gùn ún lọ pè é ká gbọ́." Mo wá orúkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú orí mi, ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo nu ara mi gbẹ, mo fi eérú pa ọwọ́. Mo mọ ojú ọ̀nà wàyí. Ẹsẹ̀ mi mọ ibi tí yóò tẹ̀ kí n tó rò ó, mi ò wo òjìji mi, ibi tó rọ̀ yẹn ni mo sì yẹra fún, mo gba apá òsì wọ inú ihò.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó láàárín èèpo ẹyin. Ó rù, irùngbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Ó wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo ògiri. Ó ti já, ó ti já, títí kò fi sí orúkọ kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́, títí kan tirẹ̀. Ohùn Adènà ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀: "Pè é! Pè é ní ohun tí bàbá yín sọ ọ́!" Mo dọ̀bálẹ̀ lórí àpáta tútù yẹn. Ohun tó máa ń wá sí mi lẹ́nu láàárọ̀ bí mo bá rí i, láti kékeré wa, ló wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o."

Ó mi orí. Ó ní, "Àbúrò. Ṣé kò sí o? Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Ariwo tí Adènà pa nísàlẹ̀ kò kéré. "Kí lo pè é? Ìyẹn kì í ṣe orúkọ!" Mo yọ orí sí i, mo ní, "N kò fi orúkọ pè é rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ọmọ wo ló ń la orúkọ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí? Ohun tí o gbà lọ́wọ́ mi, n kò lò ó rí!" Àwọn ará inú omi, orúkọ nìkan ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Wọn ò ní ìyá, wọn ò ní ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ìbínú Adènà gun àpáta bọ̀. Ilẹ̀ ihò náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ dà wá nù sínú omi bí omi ìdọ̀tí, kí a lè jẹ́ ẹni tó já. Ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ ògiri, ó ń ké pé òun ò já mọ́, òun ò já mọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ò ní já. A ó fò. Ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín ṣáájú." Ó gbọ́ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni àbúrò. Mo fa ẹ̀wù rẹ̀ já, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì fò kí àpáta tó dà wá nù. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Ibú Dákẹ́ dún, ó dún gbàù, gbogbo ẹyẹ igbó sì fò dìde.

A wọ Ajùbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Bàbá Láníhùn ti gbé fìlà náà lé igbá, tí àwọn ọdẹ ti tò láti lọ ṣí ìpà. Wọ́n rí wa, ẹlòmíràn sá. Ìyá Wúràọlá kò sá. Ó ní, "Bàbá Wúràọlá!" ẹ̀gbọ́n mi sì jẹ́ hẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n, bí ẹni tó lọ sóko lánàá. Ó ń jẹun, ó ń gbin iṣu, ọdẹ ni kò ṣe mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pè é lórúkọ, kì í sì í dá wọn lóhùn. Àwọn tó nílò rẹ̀ kò fi orúkọ pè é rí.

Ṣùgbọ́n ọmọ ni à ń fi orúkọ pè. Bí àwọn ará ilé bá pe ọmọ mi obìnrin tó kẹ́yìn, mo ń rí ètè wọn tó ń mì, etí mi kì í gbọ́ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ní kí n sọ ọ́ ní òmíràn, mo sọ ọ́, ilẹ̀ mọ́, ìyẹn náà ti lọ. Ọmọ náà a máa jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, a ní, "Bàbá mi, ẹ máa wí tẹ̀ lé mi," èmi a la ẹnu, afẹ́fẹ́ ni ń jáde. Ó dùn mí, mi ò purọ́ fún yín. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, tí àwọn ọmọ ń ṣeré ní ojúde, ẹ ó gbọ́ tí oníkálukú ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé lórúkọ. Èmi a lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò ní sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ti mọ̀. Á máa dá ṣeré títí gbogbo wọn yóò fi lọ tán, ẹni tó bá sì ṣẹ́ kù ní ojúde, òun ni tèmi, a ó sì jọ wọlé.